Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ Ọ̀dọ́ Òjíṣẹ́ Ìhìnrere ní Ilẹ̀ Àjèjì

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí a bá gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó kọjá òkun láti lọ wàásù, ìwàásù rẹ̀ ni a máa ń béèrè, iye ẹni tí ó yí padà ni a sì máa ń kà. Ó ṣọ̀wọ́n kí á béèrè bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá a, ohun tí ó ń jẹ, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà bá mú un, àti ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní bí a ti ń kí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni lórí nǹkan wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé.

I. ÀWỌN MÉJÌ-MÉJÌ TÍ A Ń RÍ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹni tí ó bá ń rìn ní ìgboro Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí i ká lè pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn, tí wọ́n sì fi àmì dúdú kékeré tí a kọ orúkọ wọn sí mọ́ àyà. Òjíṣẹ́ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn ni wọ́n, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Ní ọdún 1830 ni a dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ dé sí ilẹ̀ Nàìjíríà láti máa ṣe ìrìbọmi, níhà ilẹ̀ àwọn Ígbò. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni a sì ri Anthony Obinna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bọmi. A kò dúró níhìn-ín láti gbè lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wọn, a kò sì dúró láti bá a jà. Ìgbé-ayé àwọn ọ̀dọ́ náà ni ó fà wá mọ́ra.

Ìránni-níṣẹ́ ní òfin tirẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí sì le. Láti ọdún 2012 ni a ti ń gba ọmọkùnrin ọlọ́dún 18 láti lọ. Ọdún méjì ni ọkùnrin ń sìn; oṣù 18 ni obìnrin ń sìn. Kì í ṣe òun ni ó ń yan ibi tí yóò lọ: ìwé yóò dé bá a nílé, ibi tí ìwé náà bá sì dárúkọ ni yóò di ẹrù rẹ̀ sí. A kì í san owó oṣù fún un. Ohun tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ fi pamọ́ ni a fi ń bọ́ ọ, àyàfi tí kò bá ní, tí ìjọ sì ràn án lọ́wọ́. A kì í pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ni a ń pè. Kò gbọdọ̀ dá rìn: ẹnìkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé àti lóde. Ní kùtùkùtù ni wọ́n ń dìde, ní bí agogo mẹ́fà ààbọ̀, láti gbàdúrà àti láti ka ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé títí di alẹ́. Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń ra oúnjẹ, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sílé. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbọ́ ohùn òbí wọn lórí tẹlifóònù. Láti oṣù kejì ọdún náà ni a ti gbà wọ́n láàyè láti máa pè lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ọmọ ọdún 19 kan nínú irú ìgbé-ayé yìí. Kò mọ ojú ọ̀nà, kò gbọ́ èdè, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ òsì kò ṣeé fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni yóò wá jẹ́ ojú fún un?

Kí á lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn sí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ wá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa yìí gan-an, nítorí pé a ní àkọsílẹ̀ tiwọn, a sì mọ bí ó ti parí.

II. KÚDẸTÌ ÀTI ÌJÀYÈ

Ní ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Àwọn ìjòyè kò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú kan náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé òyìnbó yóò ba ìlú jẹ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé a dá Ifá, Ifá sì fọre, nítorí náà a gbà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1853 ni ó padà wá pẹ̀lú aya rẹ̀, Anna, ọmọ ọdún 26, tí a bí ní ìgbèríko Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ì tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí.

Ní ọdún kan náà ni òjíṣẹ́ méjì mìíràn dé Ìjàyè, ìlú ńlá tí Kúrunmí ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ará Akínyẹlé òde òní mọ̀ pé nínú agbègbè wọn ni Ìjàyè Orílé wà. Adolphus Mann ti C.M.S. jẹ́ ọ̀kan, Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, jẹ́ èkejì. Ní ọdún 1859, ọ̀dọ́ mìíràn láti ìpínlẹ̀ Virginia, Richard Henry Stone, wá bá iṣẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi níbẹ̀ pẹ̀lú aya rẹ̀. Kò ì tíì pé ọmọ ọdún 23.

Àwọn wọ̀nyí kò mọ ara wọn nílé. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n dé, àti pé gbogbo wọn ni wọ́n rò pé fífúnni ni àwọn wá fún. Ilẹ̀ wa kọ́ wọn pé gbígbà ni yóò ṣáájú.

III. BÍ ILẸ̀ TI Ń MỌ́, TÍ Ó SÌ Ń ṢÚ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò ni Anna Hinderer kọ́kọ́ gbé. Kò sí ìgbà tí àwọn ènìyàn kì í yọjú wò ó: wọ́n fẹ́ rí bí obìnrin òyìnbó ti ń jẹun, bí ó ti ń ya irun, àti bí ó ti ń ránṣọ. Ẹni tí ó ti ilẹ̀ tí a ń kan ilẹ̀kùn kí á tó wọlé wá, ìnira ni èyí jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, àwọn ọmọdé sì wọlé.

Ọwọ́ àwọn ọmọdé wọ̀nyí ni ó ti gbọ́ èdè. Ìjòyè kan fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ wọn ní ìwé, lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ní òwúrọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní a, b, d. Ní ọ̀sán ni ó ń kọ́ wọn ní ìránṣọ. Ní gbogbo ọjọ́ ni àwọn náà ń kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ohùn rẹ̀ gun òkè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó dàgbà ní ọgbà náà ni Samuel Johnson, tí bàbá rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1858; òun ni ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ owó. Owó-ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ogójì owó ni a ń sín pọ̀ lórí okùn kan. Ẹgbàá ni 2,000. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000, èyí tí ó tó ẹrù fún alágbàárù kan. Nítorí náà òjíṣẹ́ tí ó fẹ́ ra oúnjẹ oṣù kan kò lè fi owó rẹ̀ sí àpò ẹ̀wù. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò rù ú, ẹni tí yóò kà á, àti ẹni tí yóò bá a ná ọjà. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kúdẹtì ni Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta tí ó wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹ rántí orúkọ yìí, a óò padà sí i.

Ti àìsàn ni ó burú jù. Ibà kò fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú wọn. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú ẹrẹ̀ ni àwọn oníṣègùn rò pé ó ń fà á. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Kùníìnì ni wọ́n ní, kò sì tó nígbà gbogbo. Nígbà tí tọkọtaya bá dùbúlẹ̀ pọ̀ lórí ibùsùn, àwọn ọmọ ilé àti àwọn aládùúgbò ni ó ń pọn omi, tí wọ́n ń dá iná, tí wọ́n sì ń jókòó tì wọ́n.

Ìwé láti ilé ńkọ́? Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ ojú omi onínáà ti ń gbé ìwé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lóṣooṣù. Bí ó bá dé Èkó, ènìyàn ni yóò fi ẹsẹ̀ gbé e gba inú igbó dé Ìbàdàn. Ẹni tí ó kọ̀wé pé ara òun kò dá lè ti gbádùn, tàbí kí ó ti kú, kí ìdáhùn tó dé.

IV. NÍGBÀ TÍ Ọ̀NÀ DÍ

Ní ọdún 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ rẹ̀, ní Aláàfin, nítorí ó wí pé kò bá àṣà mu. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú náà sì dí ọ̀nà Ìbàdàn sí etí òkun. Ìlú méjèèjì tí àwọn òjíṣẹ́ ń gbé di ọ̀tá ara wọn, ìrìn ọjọ́ kan péré ni ó sì wà láàrin wọn.

Ẹ wo bí ó ti rí fún wọn. Ní Ìjàyè, ìyàn mú. Àwọn òbí tí kò ní ohun tí wọn yóò fi bọ́ ọmọ mú wọn wá sí ọ̀dọ̀ àwọn òjíṣẹ́, a sì kó nínú wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn mú Stone, wọ́n sì mú un wá sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n a dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Edward Roper, òjíṣẹ́ C.M.S. kan, lọ sí Ìjàyè láti dúró nípò Mann tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ìlú fi tú. A kó o lẹ́rú pẹ̀lú àwọn ará Ìjàyè, a mú un wá sí Ìbàdàn, kò sì rí ọ̀nà padà títí di ọdún 1865.

Ní Kúdẹtì, ohun gbogbo tí ń ti Èkó wá tán. Owó kò lè wọlé. Àwọn Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ wọn àti ohun-èlò ilé wọn ní ọjà láti rí owó-ẹyọ tí wọn yóò fi bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n jẹ ohun tí ìlú ń jẹ, wọn kò sì ní yó nígbà mìíràn. Ohun tí ó yẹ kí á kíyèsí nìyí: ẹgbẹ́ tí ó rán wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì lè fi búrẹ́dì kan ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tí wọ́n wá wàásù fún ni ó dá wọn sí: àwọn ọmọ ìjọ kékeré náà, àti àwọn aládùúgbò tí kò tíì gba ìgbàgbọ́.

Ní ọdún 1865, John Glover tí ń ṣe àkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba ọ̀nà igbó kọ̀rọ̀ wá sí Ìbàdàn. A gbé Anna Hinderer, tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, sínú àmọ́ọ̀kì, a sì gbé e sá títí dé etí òsà. Ó tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìsinmi ní ilé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní ọdún 1869 ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43.

Nígbà tí wọ́n lọ, ta ni iṣẹ́ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́? Olúbí ni, ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń ka owó-ẹyọ. Ó di àlùfáà, ó sì darí ìjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1912 ni ó kú. Ẹni tí ó ń pọn omi fún àlejò ni ó jogún iṣẹ́ àlejò.

V. ẸJỌ́ TIWA

Ó rọrùn láti gbóríyìn fún àwọn ará àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ ohun tí àwa tìkára wa ṣe.

Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ òkèèrè kí ó wá máa ràn wá lọ́wọ́ ní àwọn abà tí ó wà lọ́nà Akánrán. Àwa wà lára ìgbìmọ̀ tí ó gbà á. A fún un ní yàrá kan, ibùsùn kan àti kẹ̀kẹ́ ológeere kan. A gbàdúrà lé e lórí, a sì padà sí ìgboro. Kò sí ẹni tí ó béèrè bí yóò ti máa jẹun. Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé, ìròyìn ẹ̀dùn-ọkàn ni: àwọn ará abà wí pé agbéraga ni. Wọ́n gbé àmàlà fún un, kò jẹ. Wọ́n bu omi fún un, kò mu. Ó ń dúró ní gàǹgà kí àgbà. Ẹ̀rù inú rírun ni kò jẹ́ kí ó jẹun, àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀. Ìwé tí ó yẹ kí á kọ sí i, a fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ní àkókò òjò, ibà kì í mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ abà kíyèsí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí. Ìyá náà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ó wọlé, ó fi omi tútù nu ara rẹ̀, ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀kadà láti lọ pe nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni àwa tó gbọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, ojú tì wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó lórí àpótí ní iwájú ilé ìyá náà, ó ń fi ọwọ́ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, àwọn ọmọdé sì yí i ká, wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń pe orúkọ ohun gbogbo tí ó wà nínú àwo. Nígbà tí baálẹ̀ ń kọjá, a rí i tí ó fi àwo sílẹ̀, tí ó sì dọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ dúró, ó bi í léèrè nípa ara rẹ̀, ó sì wí fún un pé, "Ọmọ mi, o ti di tiwa." Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé rẹ̀ ti ń kún. A kò lè sọ pé ìwàásù rẹ̀ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì wá gbà nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

VI. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kẹwàá, Olúwa rán àwọn àádọ́rin jáde ní méjì-méjì, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé àpò lọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ ohun tí a bá gbé ka iwájú wọn. A ti máa ń ka èyí bí ẹni pé ìdánwò ìgbàgbọ́ nìkan ni. Ìtàn Kúdẹtì fi hàn wá pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbé ohun gbogbo lọ́wọ́ kò nílò aládùúgbò; ẹni tí kò sì nílò aládùúgbò yóò gbé láàrin wọn fún ọdún méjì láìjẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí a óò rán lọ sí ilẹ̀ àjèjì, nítorí pé àwọn ọmọ wa náà ń lọ nísinsìnyí, ẹ kọ́ wọn láti gba nǹkan pẹ̀lú ọpẹ́. Kí wọ́n kọ́ ìkíni kí wọ́n tó kọ́ ìwàásù. Kí wọ́n má ṣe dá gbé, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nínú èyí, àṣà àwọn ọ̀dọ́ méjì-méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn ṣáájú yẹ kí á kọ́.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń gba òjíṣẹ́ sí abà ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà, ẹ má ṣe ṣe bí àwa ti ṣe. Kí ẹ tó fi ọ̀dọ́ kan sí yàrá, ẹ wá ìyá kan àti bàbá kan ní abà náà tí yóò mọ̀ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ṣí ní òwúrọ̀. Ẹ fún un ní àpò ẹ̀fọn, ẹ fi ilé ìtọ́jú aláìsàn hàn án, ẹ sì máa bẹ̀ ẹ́ wò kí ìròyìn tó dé.

Ẹ̀yin ará abà, bí ọ̀dọ́ àjèjì bá sì kan ilẹ̀kùn yín lọ́la, ìbáà ṣe ti ìjọ yín tàbí ti ìjọ mìíràn, ẹ lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ sì lè ṣàì gbà á. Èyí wà lọ́wọ́ ẹ̀rí-ọkàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ bu omi fún un. Ọmọ ẹnìkan ni, ìyá rẹ̀ sì ń retí ìwé rẹ̀.